Aṣọ Tí Ìyá Téèpù Kò Parí

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ físà kò já láyà rí, Ìyá Téèpù nìyẹn. Télọ̀ ni obìnrin náà. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní ẹ́ḿbásì, àwọn yòókù ń làágùn lórí ìjókòó, ètè wọn ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà sínú. Òun jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń wo kọ́tíìnì ojú fèrèsé, ó ń mi orí, nítorí pé ẹni tó rán kọ́tíìnì náà kò mọṣẹ́.

Agẹ́ǹtì tó bá a ṣètò ìwé gan-an ni kò lè jókòó. Ọkùnrin yẹn ti kọ́ ọ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ṣì lágbára fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá padà. Tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ àlọ àtàbọ̀. Ẹni tí ẹ máa dé sílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun pè yín. Ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé nǹkan wà nílé tó máa fà yín padà.

"Ìyá, tí wọ́n bá ní kí lẹ ń lọ ṣe, ẹ dákun, ẹ má sọ̀rọ̀ jù. Ẹ ṣáà ní ìgbafẹ́ ni."

"Ṣé kì í ṣe ìgbafẹ́ ni?"

"Ìgbafẹ́ ni, mà."

"Kí ló wá ń gbọ̀n ọ́ bí ẹni tó jí nǹkan?"

Ìgbafẹ́ ni lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ló pè é. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú. Òun ló fà á lọ́wọ́ lọ síbi tó ti kọ́ṣẹ́, òun ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ fún un, kó tó di pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé e lọ sí òkè òkun. Ọdún ti gorí ọdún, wọn ò fojú kanra. Àfi fóònù.

"Àbúrò mi, wá gbafẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí lọ́jọ́ kan. "Wá wo òkun. Wá wo ọgbà ẹranko. Ká jọ jókòó, ká máa fi àwọn èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ bíi tàtijọ́."

"Ẹ gbà pé mo ti dé! Kí ni kí n rán wá fún yín?"

"Gáùn kan ṣoṣo. Èyí tó máa gùn gbọ̀ọ̀rọ̀ dé ilẹ̀."

"Ẹ wọn ara yín, kẹ́ ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún mi."

"Ìwọ̀n àtijọ́ náà ni. Mi ò yí padà."

"Ẹ ṣí kámẹ́rà kí n rí yín."

"Kámẹ́rà fóònù mi ti bàjẹ́, jàre. Kí lo fẹ́ wò? Ṣebí o ń bọ̀."

Ìyá Téèpù rẹ́rìn-ín, ó sì gbé aṣọ sórí tábìlì. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Obìnrin sígbọnlẹ̀ ni: àyà rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ kún, bó bá ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn á yà fún un láìjẹ́ pé ó sọ̀rọ̀. Ó gé aṣọ náà láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi òwú funfun gán an pọ̀, ìránṣọ tí èèyàn lè fi ìka tú. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: Ìyá Téèpù kì í parí aṣọ lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Ìbáà jẹ́ aya gómìnà, wàá wá, wàá dúró níwájú rẹ̀, á wọ̀ ọ́ fún ọ, á fi píìnì mú ibi tó yẹ ní mímú, ìgbà yẹn lẹ̀rọ rẹ̀ tó máa dún. Àwọn oníbàárà ti bá a jà títí ó fi sú wọn. Nítorí náà ló ṣe ká gáùn tí kò parí sínú báàgì, ó sì kó sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́, píìnì, ṣọ́ọ̀kì àti òwú tì í, kó lè parí rẹ̀ lára ẹni tó ni ín tó bá débẹ̀.

Agẹ́ǹtì yẹ gbogbo ìwé rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Kò yẹ báàgì wò. Ibẹ̀ ni wàhálà gbà wọlé.

Ní ẹ́ḿbásì, ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì bi í pé kí ló máa fà á padà wálé.

"Àwọn oníbàárà mi," ni Ìyá Téèpù wí. "Tí mo bá pẹ́ jù, àwọn gan-an á wá gba físà, wọ́n á wá wọ́ mi jáde lọ́dọ̀ yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Físà jáde. Láti ọjọ́ yẹn lorí Ìyá Téèpù ti wú. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ físà, àwọn èèyàn kàn ń fi ojora da ara wọn láàmú ni.

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù nìyẹn, pẹ̀lú orí wíwú, tó tò sórí ìlà, tó sì kàn án. Obìnrin aṣọ́bodè tó wà nídìí tábìlì kò ju ọjọ́ orí àkọ́bí rẹ̀ lọ. Ó ṣí ìwé ìrìnnà, ó wo físà, ó wo ojú rẹ̀. Èdè ibẹ̀ kò ṣòro fún Ìyá Téèpù. Ó kọ́ ọ nílé ìwé, ó sì ń sọ ọ́ bó ṣe ń rán aṣọ tó nípọn: díẹ̀díẹ̀, láìfo ibì kankan.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe nílé?"

"Télọ̀. Kì í ṣe télọ̀ yẹpẹrẹ o. Télọ̀ gidi."

Obìnrin náà tún wo ojú rẹ̀. Ó wo téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wá dìde, ó ní kó tẹ̀ lé òun, kí wọ́n jọ yẹ báàgì rẹ̀ wò.

Yàrá tí wọ́n wọ̀ kò ní fèrèsé. Tábìlì irin kan ló wà níbẹ̀, àga mẹ́ta, àti iná tó mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn lè rí eruku lára bàtà rẹ̀. Aṣọ́bodè ṣí báàgì. Ó kó àwọn nǹkan jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n: ọṣẹ, aṣọ àwọ̀sùn, lẹ́yìn náà sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n wé sínú àkísà, páálí píìnì, ṣọ́ọ̀kì, òwú aláràbarà. Ó gbé gáùn sókè, òwú funfun tí wọ́n fi gán an ń fì fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀.

"Ìwé yín sọ pé ìgbafẹ́ lẹ bá wá. Ẹni tó bá fi físà ìgbafẹ́ wọlé kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbí. Irinṣẹ́ nìwọ̀nyí."

"Tèmi ni wọ́n. Télọ̀ gidi wo ló máa fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílé fáwọn ọmọ iṣẹ́?"

"Ta ló ni gáùn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà níta níbẹ̀ yẹn, ó ń dúró dè mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò parí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá?"

"Mi ò kì í parí aṣọ lẹ́yìn ẹni tó ni ín."

"Ìyẹn ni pé ibí lẹ ti máa parí ẹ̀. Iṣẹ́ nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ mi, ọmọ mi. Tí ẹ bá ń di irun ọmọ yín nílé, ta ló ń san owó oṣù fún yín?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ó tètè pa ẹnu dé. Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìfi ìbínú kankan sọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà ni àwọn èèyàn ń kó irinṣẹ́ wọlé, tí wọ́n ń ní ti ẹbí ni. Tí òun bá rí i pé iṣẹ́ ló bá wá, òun á fagi lé físà yẹn, bàálù tó gbé e wá ló sì máa gbé e padà. Kò sì ní lè tún fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ọdún púpọ̀! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dàgbà. Òun náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n á tún ríra? Ẹ̀rù bà á, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ba Ìyá Téèpù, ńṣe ni agbárí rẹ̀ máa ń le sí i. Ó fọwọ́ sọ̀yà.

"Ẹ lọ pè é wọlé. Ẹ jẹ́ kó wọ gáùn yìí níṣojú yín. Mi ò rí i láti ọjọ́ yìí wá, mi ò wọ̀n ọ́n, orí ni mo fi gé aṣọ yẹn. Èjìká òsì ẹ̀gbọ́n mi rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Ó pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ó ṣubú látorí àtẹ̀gùn, kò jẹ́ kí n fara kanlẹ̀, èjìká tirẹ̀ ló fi gbà á. Mo rán ìyẹn náà sí i. Tí gáùn yẹn ò bá bá a mu bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ti hù jáde, ẹ dá mi padà sínú bàálù. Mi ò ní bá yín jiyàn."

"Ṣó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú gbangba."

Aṣọ́bodè wò ó díẹ̀, ó sì gbé fóònù.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, kóòtù òtútù ńlá kan ló kọ́kọ́ wọlé, súkáàfù yí i ká dé àgbọ̀n. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà láàárín. Ìyá Téèpù pariwo "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi!", ó fò dìde, ó sì gbá a mọ́ra. Ibẹ̀ layọ̀ ti kú sí i lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pàdé lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ré kọjá ara wọn. Ọwọ́ tó ti ń wọn ara èèyàn láti kékeré ni. Inú kóòtù yẹn ṣófo.

Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ó sì rí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí pọ́ńdà kò lè bò.

"Ẹ bọ́ kóòtù," ni aṣọ́bodè wí fún ẹ̀gbọ́n, "kẹ́ ẹ wọ gáùn náà."

"Ẹ dákun," ni Ìyá Téèpù wí kíá, "ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Ojú aṣọ́bodè yí padà. "Ẹ̀yin lẹ ní kó wọ̀ ọ́."

Òun ni lóòótọ́. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló fi ta kókó náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo aṣọ́bodè, ó wo àbúrò rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé gáùn, ó sì ki orí bọ̀ ọ́ lórí bùláòsì rẹ̀.

Aṣọ náà já wálẹ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ibi tí àyà yẹ kó wà, ó rọ̀ jọwọlọ. Ibi tí ìdí yẹ kó wà, ó ká jọ. Èèyàn méjì bíi tirẹ̀ ì bá wọ̀ ọ́. Òun náà bojú wolẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kó ibi tó pọ̀ jù lára aṣọ náà jọ níwájú ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló jí i.

Aṣọ́bodè wo gáùn náà látòkè délẹ̀.

"Kì í ṣe tirẹ̀," ni aṣọ́bodè wí.

"Tirẹ̀ ni!" Ohùn Ìyá Téèpù ga ju bó ṣe rò lọ. "Tirẹ̀ ni! Ara rẹ̀ ló lọ!"

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nu ún. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè wọn bá a wí, inú ń bí i, ó ń sunkún, kò mọ èwo ló ń ṣe.

"Kí ló ṣe yín? Ẹ ní ẹ ò yí padà! Ẹ ní kámẹ́rà bàjẹ́! Èmi ni ẹ ń parọ́ fún?"

"Rọra, àbúrò mi."

"Mi ò ní rọra!"

"Ara mi ò yá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n fún mi ní oògùn, ó ti tán, dókítà ní mo ti bọ́. Oúnjẹ ni kò wọlé fún mi mọ́. Màá sè é, màá jókòó tì í ní èmi nìkan, màá tún gbé e dà nù." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa gáùn mọ́ra. "Tí mo bá sọ fún ọ, ṣé o máa lè jókòó ní ẹ́ḿbásì, kó o máa ṣe yẹ̀yẹ́? Mo mọ̀ ọ́. Wàá bú sẹ́kún níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá jayé ni wọ́n ń tètè fún ní físà. Ẹni tó bá ń sunkún, ìwé lórí ìwé ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ rí ẹ ni. Òun ni mo ṣe parọ́."

Gbogbo fáàrí tí Ìyá Téèpù ti ń ṣe káàkiri àdúgbò lórí físà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò rẹ̀, pẹ̀lú ebi nínú.

"Kí ló ń sọ?" ni aṣọ́bodè béèrè.

Ìyá Téèpù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ní ó wu òun láti rí mi."

Aṣọ́bodè dìde kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó rìn yí ẹ̀gbọ́n náà ká, ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ìka lé ojú ìránṣọ tó wà léjìká ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e lọ sí òsì, níbi tí aṣọ náà ti dà sísàlẹ̀ díẹ̀, ó tẹ ìyẹn náà. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, gbogbo gáùn yẹn ló fẹ̀ ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n èjìká méjèèjì jókòó géérégé sórí egungun, èyí tó ga lórí èyí tó ga, èyí tó rẹlẹ̀ lórí èyí tó rẹlẹ̀.

"Èjìká bá a mu," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́.

Ó padà sídìí tábìlì. Ó ṣí ìwé ìrìnnà, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì fọwọ́ kọ ọjọ́ tí físà máa parí sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí òfin gbà fún onígbafẹ́ ló kọ, kò yọ ìkankan kúrò. Lẹ́yìn náà ló wá nàka sí sísọ́ọ̀sì àtàwọn irinṣẹ́ yòókù.

"Ẹ lè wọlé. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ yìí ò ní bá yín wọlé. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa wà. Ẹ máa gbà wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà sílé."

Ká ní wákàtí kan sẹ́yìn ni, ilé ì bá gbóná. Kò sí ẹni tó gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Ìyá Téèpù rí, ọkọ rẹ̀ gan-an kò dán an wò kó tó kú. Ó fi àkísà wé e dáadáa, ó kó píìnì, ṣọ́ọ̀kì àti òwú lé e, ó sì tì í sí ọwọ́ aṣọ́bodè. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó fi ìyẹn náà sí i.

"Háà, àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "kí lo wá fẹ́ fi dín gáùn yìí kù?"

"Ta ló fẹ́ dín in kù?"

"Ṣé o ò rí bó ṣe rí lára mi ni?"

"Mo rí i." Ìyá Téèpù mú kóòtù, ó wọ̀ ọ́ lé gáùn náà lórí fún un, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan dé ọrùn. "Aṣọ yìí ò tóbi o. Bí mo ṣe gé e ló ṣe yẹ kó rí. Mi ò ní gé òwú kan lára rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kún un."

Ó fi ọwọ́ kan gbé báàgì, ó fi ọwọ́ kejì di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú lápá, ó sì ń bi í bí wọ́n ṣe ń jáde pé ìkòkò mélòó ló wà nílé ìdáná rẹ̀.